Ẹ Fi Àdá Pa Jogbo, Ẹ Má Sun Ún

Ẹ bá mi bi àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Oda léèrè: kí ni jogbo fi ṣe wọ́n? Lóṣù tó kọjá, mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan létí oko àgbàdo rẹ̀. Ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fọ́n oògùn koríko lé jogbo lórí. Àpò ajílẹ̀ tó rà láwìn wà nílẹ̀ nítòsí. Mo ní, "Àbúrò, oúnjẹ ilẹ̀ lò ń dà nù yẹn o." Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, igbó lásán nìyẹn."

Igbó lásán kẹ̀! Òdòdó ọgbà ni jogbo. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀. Nítorí òdòdó pupa rúsúrúsú yẹn ni wọ́n ṣe gbé e wá síhìn-ín. Kò pẹ́ tó fi fo ọgbà. Èso rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e, omi ń gbé e. Ilẹ̀ tí katapílà bá sì ti hú ló fẹ́ràn jù. Ẹ wò ó bó ṣe tò sẹ́bàá títì bí ẹni ń wòran.

Mi ò ní purọ́, alákọrí ni. Ilẹ̀ baba mi tí mo fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta péré, nígbà tí mo padà, jogbo ti ga jù mí lọ. Ẹni tó bá ní ká má pa á kò tíì roko rí. Báwo la ṣe ń pa á lọ̀rọ̀ wà.

Ewé rẹ̀ tútù kì í pẹ́ jẹrà. Nínú 100 kílò ewé gbígbẹ, náítírójìn á tó kílò 3.5, pọtáṣíọ̀mù á lé ní 4. Ohun tí ẹ ń fowó rà nínú àpò kúkú nìyẹn! Ní Ọ̀wọ̀, àwọn onímọ̀ fi ewé yìí bo ebè iṣu. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé iṣu náà ta ju ti ebè tí wọn kò fi nǹkan kan sí. Ẹni tó bá sun ún, èéfín ti gbé náítírójìn rẹ̀ lọ.

Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, ẹ kó o sínú ebè, ẹ bò ó. Igi tó ti le, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó má baà tún ta gbòǹgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sè é mu fún ibà, ẹ rọra o: nígbà tí wọ́n dán an wò lára eku, ó ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́.

Mo gba oko ọ̀dọ́kùnrin yẹn kọjá lánàá. Kò tíì san gbèsè ajílẹ̀ tán. Jogbo tó pa ti ń rú padà.