Ojú Ni Kí Ó Ṣáájú Etí Nínú Títo Iná Ẹ́ńjìnnì

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé àkókò ni ẹ̀mí iṣẹ́ oko. Ẹni tí ó bá gbin àgbàdò kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ọ̀dá àti ẹyẹ ni yóò bá a jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ jù, òjò yóò dá kí ọmọ àgbàdò rẹ̀ tó gbó. Irúgbìn kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Àkókò nìkan ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lọ́rì. Pẹtiróòlù lè dára, písítìnì àti ríìngì lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí púlọ́ọ̀gì kò bá ta iná ní àkókò tí ó yẹ, asán ni gbogbo owó tí a ná sí i.

Síbẹ̀ àṣà kan wà láàrin ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, wọn kì í wo àmì tí ó wà lára rẹ̀ láti mọ àkókò iná. Wọn a mú disitíríbútọ̀, èyí tí ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, wọn a máa yí i sọ́tùn-ún sósì, títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi dùn mọ́ wọn létí. Lẹ́yìn náà wọn a dè é, wọn a sì gba owó wọn. Àṣà yìí kò dára. Ojú àti ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Etí yóò tẹ̀ lé wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìrìn mẹ́rin ni písítìnì máa ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Ní ìrìn kìn-ín-ní ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fa afẹ́fẹ́ tí a pò mọ́ pẹtiróòlù wọlé. Ní ìkejì ó gòkè, ó sì fún un pọ̀ ṣinṣin. Ní ìkẹta iná mú àdàlù náà, ó sì ti písítìnì wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìrìn yìí nìkan ni ó ń ti lọ́rì síwájú. Ní ìkẹrin ó tún gòkè, ó sì lé èéfín jáde. Ní àkókò ìrìn mẹ́rin wọ̀nyí, kíráńkì, èyí tí ń gba agbára lọ́wọ́ písítìnì, a yí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kámúṣáfútì, èyí tí ń ṣí fáàfù tí ó sì ń yí disitíríbútọ̀, a yí lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ́ńjìnnì Chevrolet onísílíńdà mẹ́fà, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1937 títí di 1953, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ọ̀pọ̀ lọ́rì àgbẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà, títí di òní ni àwọn kan sì ń tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá kan náà ni ó ni Bedford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí lọ́rì rẹ̀ jáde ní 1931, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kan ilé pákó lé lórí ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ènìyàn sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Lára kẹ̀kẹ́ irin ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì Chevrolet yìí, tí a ń pè ní fúláíwíìlì, wọ́n kan ọta irin róbótó kékeré kan mọ́ ọn. Ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé fúláíwíìlì tí a lè gbà wo ọta náà, pẹ̀lú ìka atọ́ka kan. Nígbà tí ọta bá bá ìka náà dọ́gba, ó ku dígírì 5 kí písítìnì kìn-ín-ní dé òkè pátápátá. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí iná ta.

Èéṣe tí iná fi ní láti ta kí písítìnì tó dé òkè? Nítorí pé àdàlù náà kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan kò gbà ju ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ, dígírì 5 kò sì gbà ju ìdá kan nínú 3,600 lọ. Etí ènìyàn wo ni ó lè wọn èyí? Bí iná bá tètè ta jù, yóò máa lu písítìnì nígbà tí ó ṣì ń gòkè bọ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò máa dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin. Nínú Chevrolet yìí, irin rírọ̀ tí wọ́n yọ́ dà sínú apá písítìnì ni ó ń gbé e lórí kíráńkì. Irú lílù bẹ́ẹ̀ yóò sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Bí iná bá sì pẹ́ jù, lọ́rì kì yóò lè gun òkè, omi rẹ̀ yóò máa hó, yóò máa mu pẹtiróòlù bí omi, fáàfù yóò sì jó.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó tóbi jù nínú fífi etí tò ó ni pé etí a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níwájú ẹ́ńjìnnì yìí, kẹ̀kẹ́ eléyín méjì wà tí wọ́n bá ara wọn jẹ eyín: ti kíráńkì àti ti kámúṣáfútì. Àmì wà lára méjèèjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ẹni tí ń tò ó bá fi eyín kan péré ṣì í, gbogbo fáàfù yóò máa ṣí, yóò sì máa pa dé ní àìtọ́ àkókò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dúró lójú kan, mẹkáníìkì lè yí disitíríbútọ̀ títí ohùn rẹ̀ yóò fi tutù, tí onílọ́rì yóò sì dúpẹ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá kó ẹrù isu sí i kí wọ́n tó mọ̀ pé kò ní agbára. Disitíríbútọ̀ kò lè tún ohun tí kámúṣáfútì bàjẹ́ ṣe. Láti wo àmì méjì yìí kí a tó fi ìdérí bò wọ́n kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Láti tún wọn ṣe lẹ́yìn náà, ó di pé kí a tún iwájú ẹ́ńjìnnì tú.

Kì í ṣe pé kí a gba gbogbo àmì àtijọ́ gbọ́ láìwádìí. Lọ́rì tí ó ti pẹ́ ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnìkan lè ti fi fúláíwíìlì ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Nítorí náà kí mẹkáníìkì wá òkè písítìnì rí fúnra rẹ̀ nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀. Písítìnì a máa dàbí ẹni pé ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá dé òkè, nítorí náà wíwò lásán kò tó. Kí ó de irin pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀ lókè sílíńdà kìn-ín-ní, kí boolu kan yọ láti ara irin náà sísàlẹ̀ tí yóò dá písítìnì dúró kí ó tó dé òkè. Kí ó fi ọwọ́ yí kíráńkì síwájú jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan boolu, kí ó fi ẹfun sàmì sí fúláíwíìlì níbi tí ìka wà. Kí ó yí i sẹ́yìn títí yóò fi tún kàn án láti ọ̀nà kejì, kí ó sàmì níbẹ̀ pẹ̀lú. Àárín àmì méjèèjì gan-an ni òkè tòótọ́. Bí àmì ilé iṣẹ́ bá bá a mu, ó dára. Bí kò bá bá a mu, kí ó fi ọ̀dà funfun sàmì tuntun.

Ohun kan kù tí ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Nítorí pé kíráńkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan, ọta irin náà yóò dé ìdí ìka lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó jẹ́ àkókò iná sílíńdà kìn-ín-ní. Ìgbà kejì, sílíńdà kẹfà ni ó kàn, nítorí pé ètò iná rẹ̀ ni 1, 5, 3, 6, 2, 4. Ẹni tí ó bá fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì kìn-ín-ní tí wọ́n sì ń yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ yóò mọ ìyàtọ̀, nítorí pé nígbà tí ó tọ́, afẹ́fẹ́ yóò ti àtàǹpàkò rẹ̀ sókè.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba iṣẹ́ fi etí to ẹ́ńjìnnì, lọ́rì wọn sì rìn. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a kẹ́gàn wọn. Pẹtiróòlù kò rí bákan náà níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì là a máa mú kí ẹ́ńjìnnì lu, ó sì yẹ kí a dá iná padà díẹ̀. Chevrolet tìkára rẹ̀ fi ìwọ̀n kékeré kan sí ìdí disitíríbútọ̀ fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kékeré ni etí wà fún. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ iye tí ó ti rìn?

Ọ̀ràn náà kan ara ènìyàn pẹ̀lú. Bí iná bá tètè ta jù nígbà tí a ń fi ọ̀pá yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá náà yóò gbá padà lójijì. Ó ti ṣẹ́ egungun ọrùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá àtàǹpàkò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ awakọ̀ pe irú egungun ṣíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ń yí i má ṣe fi àtàǹpàkò gbá ọ̀pá mọ́ra. Kí ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí ó sì máa fà á sókè, kí ó má ṣe tì í sísàlẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì ṣẹ́, kí wọ́n dì í mọ́ pákó pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Onílọ́rì a máa san owó písítìnì láìjanpata, ṣùgbọ́n a máa kùn sí wákàtí tí wọ́n fi wọn nǹkan. Wákàtí náà ni ó ń dáàbò bo owó písítìnì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá sì rí i pé ọ̀gá òun kò wo àmì rí, òun náà kì yóò wò ó títí láé, kì yóò sì lè fi í han ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọ̀gá pe ọmọ náà súnmọ́ kí ìdérí tó bo àmì, kí ó jẹ́ kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì fi ẹfun sàmì fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.