Dókítà Ọpọlọ Kẹ̀? Ẹsẹ̀ Ló Gbé Màmá Wá!

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun itan tí àwọn dókítà ṣe fún ìyá mi, nǹkan yí bírí. Lọ́sàn-án, Màmá ń bá wa ṣàwàdà. Nígbà tó di òru, wọ́n ní àwọn ọmọdé kan ń sáré kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ fa dírípù ọwọ́ wọn yọ, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n sì fi ń pè mí.

Ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin kan wọlé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni dókítà ọpọlọ. Wọ́n ní kí n wá wò yín." Kò sẹ́ni tó ti sọ fún wa pé ó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde: "Dókítà ọpọlọ kẹ̀? Ẹsẹ̀ ló gbé Màmá wá síbí o!" Màmá bú sẹ́kún, wọ́n ní ṣé Aró la fẹ́ gbé àwọn lọ ni.

Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ dókítà ọpọlọ, wèrè tó ń rìn kiri ọjà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn.

Ohun tó ṣe Màmá lórúkọ: delirium. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni, ó máa ń dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì sábà máa ń le sí i lálẹ́. Kì í ṣe wèrè rárá. Ara ló ń ṣàìsàn tí ọpọlọ ń bá a ké. Ó lè jẹ́ àrùn nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, àìtó omi lára, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, oògùn ìrora, tàbí ọtí tí ẹni tó ti mọ́ lára ṣàdédé pa tì. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ́ eegun itan.

Ti Màmá, àrùn inú ìtọ̀ ni. Ta ló sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò? Dókítà ọpọlọ tí a fẹ́ lé jáde yẹn ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ojú Màmá ti wálẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn dókítà yòókù kò ju méjì lọ. Èkíní, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀, dókítà ò tó. Ṣùgbọ́n "àìsàn ara lè da ọpọlọ rú, a fẹ́ kí ẹnìkan bá wa wò ó" ò gba ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn Aró máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó wà nítòsí, torí ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Kí ló wá dé tí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ò tíì mọ̀?

Ìkejì, ẹni tó ń pariwo nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ fún. Delirium kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni aláìsàn á kàn dákẹ́, tí á máa sùn, tí ò ní jẹun. Wọ́n á ní, "Màmá yìí ò yọ wá lẹ́nu." Òun gan-an ni wọn kì í tètè rí. Bákan náà ni alárùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò lo oògùn mọ́ torí ayé ti sú u. Ẹ bi í: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ ń bàjẹ́? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Ìbéèrè méjì péré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí dókítà ọpọlọ fún ẹni yín, ẹ má sá. Ẹ béèrè: kí lẹ rí? Kí lẹ fẹ́ kó bá yín wò? Ẹ sọ ọjọ́ tí ìwà náà bẹ̀rẹ̀ fún un, torí ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Màmá ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà báyìí. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń pariwo nílé, wọ́n á ní, "Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ eléyìí wò."