Oko Bàbá Ẹlòmíràn

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Àwọn kan á fi òwe mìíràn dá a lóhùn pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n á ní ìrìn-àjò ń sọni di àlejò nílé ẹni. Èmi kò gbà. Títì tó gba Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí Àgbádárìgì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ta tilẹ̀ ni onílé níbẹ̀? Àwórì ló ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ìrìn-àjò sì ni ìtàn tiwọn náà: àwo tó léfòó lórí odò Ògùn ni wọ́n tẹ̀ lé, ibi tí àwo ti rì ni orúkọ wọn ti ṣẹ̀. Lónìí, ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Àlàbá, ní Ọ̀jọ́ náà. Ẹ lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá ná ọjà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò ní Òkòkòmáíkò lọ sí Kútọnu, ẹ̀rù èdè Faransé ló ń bà mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ọlọ́kadà kan tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò ló gbé mi. Zémìjàn ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Mo bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ìjókòó ẹ̀yìn: ní èdè tiwọn, "zé" ni gbé, "mì" ni mi. Gbé mi kíá! "Mi" tèmi ni "mì" tirẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè náà ti di ojúlùmọ̀ ẹni.

Síbẹ̀, n kò gbàgbé 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní 1983, àwa náà lé ọmọ Gánà. Ọ̀nà yìí kan náà, tó já sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, pẹ̀lú báàgì tí a sọ ní Ghana-Must-Go. Ọdún mẹ́jọ kò tíì pé nígbà náà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS, ní Èkó níbí. Ó dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù lórí ní 1969 kọ́ ló fọwọ́ sí àṣẹ 1983. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí onílé pàápàá rìn: ẹni tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ rí mọ bó ṣe ń dunni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ láti Kútọnu lọ́jọ́ yẹn, màmá Ẹ̀gùn kan nínú mọ́tò tú ewé, ó bu ìlàjì fún mi.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀kọ nìyí."

"Àkàsà ni, ọmọ mi."

A ń jẹ ẹ́ lọ, a ń jiyàn orúkọ rẹ̀, títí a fi dé Ìyànà-Ìbà.