Ààtò Ẹnu-Iṣẹ́: Lórí Èdè-Ìperí fún Ìfìwéránṣẹ́ Orí Ẹ̀rọ

Ìṣòro kan wà nínú ṣíṣẹ̀dá èdè-ìperí fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a kò tíì yẹ̀ wò bí ó ti yẹ. Òun ni ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ohun tí ènìyàn lè yí padà nínú iṣẹ́ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìfìwéránṣẹ́ orí ẹ̀rọ, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ímeèlì, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni àìsí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí ti lè pa ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Mọ́níyà tàbí ní Àkànrán ní ìkànnì lórí ayélujára, tí ìkànnì náà sì ń fi ìwé-ẹ̀rí owó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ó kéré tán, ìkànnì yìí gbọ́dọ̀ mọ orúkọ sáfà tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà ojú-ọ̀nà tí yóò gbà wọlé, orúkọ ẹni tí ń ránṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí à ń pè ní SMTP, kì í ṣe ohun titun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982 ni Jonathan Postel ti gbé e jáde. Àwọn ohun mẹ́rin tí a kà sílẹ̀ yìí ni kì í dúró sójú kan. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kárùn-ún ọdún 2022, Google bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún ìkànnì tí ó bá mú kìkì ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn fi ń wọ Gmail wá. Ọ̀kan nínú ọ̀nà àbáyọ ni kí oní-nǹkan gba ọ̀rọ̀ aṣínà mìíràn, onílẹ́tà 16, tí a yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ mọ́ àárín iṣẹ́ náà gan-an, ìwé kò lè lọ mọ́ títí a ó fi rí ẹni tí ó kọ ọ́. Bí onítọ̀hún bá sì ti wà ní Kánádà ńkọ́? Níbi tí a bá ti fi àyè sílẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ó bá lè yé e ohun tí ó ń kà lójú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù fún irú nǹkan báyìí ni *ètò*. A kò fara mọ́ ọn. Ètò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ fi ń pe odidi iṣẹ́ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà; òun náà ni à ń gbọ́ lórí rédíò. Bí a bá ní kí akọ̀wé “yí ètò padà,” kò ní mọ̀ bóyá nǹkan kékeré kan ni kí òun yí tàbí kí òun lọ wá ìkànnì mìíràn. Ẹnìkan lè ní kí a lo *ìtò*. Ó dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi fóònù kọ Yorùbá kì í fi àmì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá rí “ito” lójú fóònù kò ní rántí ọ̀rọ̀-ìṣe *tò* rárá! *Ààtò* ni a yàn. Àwọn onílítíréṣọ̀ ti ń lò ó fún bí a ṣe to nǹkan pọ̀, kò sì ní ìjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìdajì kejì ìperí náà. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ-ẹyọ yóò sọ pé *àsìkò ìṣiṣẹ́*. Lójú tiwa, àṣìtumọ̀ ni. Nínú èdè-ìperí tí a ń lò fún gírámà, àsìkò ń tọ́ka sí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, bóyá lánàá ni tàbí lónìí. Kò sí ẹni tí ń bèèrè èyí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, ṣé iṣẹ́ náà ti parí ni, tàbí ó ṣì ń lọ? Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àsìkò. Èdè Yorùbá sì mọ ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ í sọ: *ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó wà lẹ́nu iṣẹ́*.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní ìdí ẹ̀rọ ìlọta rí, ní Lálúpọn tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, mọ ohun tí à ń wí. Bí obìnrin kan bá gbé ata wá, tí èkejì sì gbé ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e, ẹlẹ́rọ kì í pa ẹ̀rọ. Yóò kàn fi ọwọ́ yí irin tí ó fi ń fún un, àwọn irin pẹlẹbẹ méjì tí ń lọ nǹkan nínú rẹ̀ yóò sún mọ́ ara wọn sí i, ẹ̀wà yóò sì kúnná. Bí kò bá kúnná tó, oníbàárà yóò ní, “Ẹ fún un sí i.” Ti bẹ́líìtì yàtọ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò pa ẹ̀rọ kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ní ti bí kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí ṣe tóbi tó, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni wọ́n ti pinnu rẹ̀.

Oríṣi ààtò mẹ́ta tí ó wà nínú ìkànnì nìyí, a sì dábàá pé kí a pè wọ́n ní *ààtò àdámọ́*, *ààtò ìbẹ̀rẹ̀-iṣẹ́* àti *ààtò ẹnu-iṣẹ́*. Ní ọdún 2011 ni Adam Wiggins, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Heroku sílẹ̀, gbé ìlànà kan jáde pé kí a má ṣe kọ ààtò mọ́ inú iṣẹ́, kí a gbé e sí àyíká tí iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni, nítorí pé a ní láti pa iṣẹ́ náà kí a sì tún un tàn kí ìyípadà tó hàn. Nínú Django, a lè kó orúkọ sáfà àti ọ̀rọ̀ aṣínà láti inú àká ìsọfúnni, kí a sì fi wọ́n lé *get_connection* lọ́wọ́ ní ìgbàkígbà tí ìwé kan bá fẹ́ lọ. Ààtò ẹnu-iṣẹ́ gidi nìyẹn. Laravel a máa tan ènìyàn jẹ: bí ó bá ti pèsè aránṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, òun ni yóò máa lò títí a ó fi ní kí ó jù ú nù. Ọwọ́ ti yí irin, ṣùgbọ́n irin kò tíì kan ọlọ.

Ní ti nọ́ńbà ojú-ọ̀nà, a ti rí ibi tí a ti pè é ní *èbúté*. Kò sí ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. *Ẹnubodè* ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé oníbodè ni ó máa ń dúró níbẹ̀, tí ń bi àlejò léèrè ohun tí ó mú wá. Ẹnubodè 25 ni àwọn sáfà ń gbà bá ara wọn pàdé. Ẹnubodè 587, tí a yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1998, wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ìwé wá, ibẹ̀ sì ni a ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Sáfà ní tirẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti gbilẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé “sẹ́tíìnì” ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, kí ni a tún ń wá? Òótọ́ ni pé ó wà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń lò fún oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akọ̀wé tí ó bá yí ti ìbẹ̀rẹ̀-iṣẹ́ padà yóò sì máa dúró de ìwé tí kò lọ.

Ààtò ẹnu-iṣẹ́ ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá wà nínú àká ìsọfúnni, kí a sọ ọ́ di àrokò tí ojú lásán kò lè kà, nítorí pé ẹni tí ó bá rí i lè fi orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Kí bọ́tìnnì *Dán an wò* sì ṣáájú *Fi pa mọ́*, kí ìwé kan kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé fúnra rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí àwọn ìperí wọ̀nyí, àbá wa ni pé kí a gbé wọn lọ bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ìyànà Ọ̀fà àti ní Mọ́níyà, kí a ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà kan padà lójú wa láìsí pé a là á yé wọn, kí a sì kọ ibi tí ọwọ́ wọn bá ti dúró sílẹ̀.