Ẹni tó tún ilé rẹ̀ ṣe kò yẹ fún ìyà

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ra ilé sí Houston, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Páìpù bẹ́ lábẹ́ síńkì, omi ba ilẹ̀ pálọ̀ jẹ́, ẹ béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, wọ́n san án, ẹ tún ilé ṣe. Ẹ ò jalè, ẹ ò purọ́. Ohun tẹ́ ẹ ti ń sanwó fún tipẹ́ lẹ gbà. Àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ mìíràn, owó gọbọi ni wọ́n lè pè fún yín, wọ́n sì lè kọ̀ yín pátápátá.

Àkọsílẹ̀ owó táwọn onílé ti béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, tí wọ́n ń pè ní CLUE, ló ń ta wọ́n lólobó. Ilé iṣẹ́ LexisNexis ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 7. Kì í ṣe orúkọ onílé nìkan ló wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì ilé náà wà níbẹ̀, débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lè máa ru ẹrù ẹni tó tà á fún un.

Àlàyé àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni pé ẹni tó béèrè owó lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó lẹ páìpù jíjẹrà pọ̀ tó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ gbogbo páìpù ńkọ́? Ilé tirẹ̀ sàn ju ti aládùúgbò tí páìpù ogójì ọdún ṣì wà nínú ògiri rẹ̀, tí kò kàn tíì béèrè kọ́bọ̀. Aládùúgbò yẹn ni wọ́n sì ń dínwó fún! Inú mi kò dùn sí i rárá.

Texas fúnra rẹ̀ ti gbà pé àtúnṣe tó dáa yẹ kó pa ẹjọ́ àná rẹ́. Bí ògiri bá bu nítorí omi, tí wọ́n tún un ṣe dáadáa, tí onílé sì gba ìwé ẹ̀rí, òfin kò gbà kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì torí bíbu àtijọ́ yẹn kọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ìwé ẹ̀rí páìpù tuntun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní báyìí ná, ẹ béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ko ohun tí kò jóòótọ́ níbẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti fọ́tò. Ẹ má fi owó tẹ́ ẹ ti gbà pa mọ́ nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń wá ìnṣọ́ránsì tuntun. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá kọ̀ yín, ètò ìnṣọ́ránsì Texas FAIR Plan wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààbò rẹ̀ kò fẹ̀ tó. Ohun tí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ni kí ìnṣọ́ránsì já pátápátá, torí báńkì tó yáni lówó á ra èyí tó wù ú sórí ilé náà. Onílé ló máa san án, owó rẹ̀ sì ga, síbẹ̀ kì í sábà bo ẹrù inú ilé.

Ọdún méjì méjì ni àwọn aṣòfin Texas ń jókòó ní Austin. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú àdúgbò yín kí wọ́n tó tún jókòó, ẹ ní kí wọ́n fi páìpù tuntun kún òfin yẹn, kẹ́ ẹ sì so rìsíìtì páìpù tuntun yín mọ́ ọn.