Òkúta Òkè-Ògùn, Ìmọ̀ Ta Ni?

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn yóò mọ̀ pé òwú kan a nà gbọọrọ, òmíràn a sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni àrà aṣọ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ń hun ìrántí tuntun fún kọ̀ǹpútà: okùn iná tín-ín-tín a dábùú ara wọn, ìpele tantalum oxide fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì wà ní ìkóríta kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá gba ibẹ̀ kọjá, ipa-ọ̀nà yóò là nínú rẹ̀, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí a tilẹ̀ pa iná, ọ̀nà náà kò ní parẹ́. Ọpọlọ ènìyàn náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, agbára tó sì ń lò kò ju nǹkan bíi wáàtì 20 lọ.

Èyí kì í ṣe àlá. Lọ́dún 1971 ni Leon Chua ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wà. Lọ́dún 2008, ilé-iṣẹ́ HP fi titanium dioxide ṣe é. Nígbà tó di ọdún 2013, Panasonic bẹ̀rẹ̀ sí í fi tantalum oxide ṣe tirẹ̀ fún títà.

Níbo wá ni tantalum ti ń wá? Inú òkúta tantalite ni, irú èyí tó wà nínú ilẹ̀ Kòmú ní Òkè-Ògùn.

Ṣé a ti wá dolówó nìyẹn? Rárá o. Tantalum tó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí ojú lè rí. Ìmọ̀ ló mú owó wá, kì í ṣe òkúta. Ẹni tó wa òkúta, tó dì í sápò, tó tà á bẹ́ẹ̀, owó ṣọ́bìrì ló gbà.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ ìwakùsà wà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Òkè-Ògùn ní Ṣakí, òun náà ló ni LAUTECH tó ní ẹ̀ka ní Ìsẹ́yìn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí LAUTECH ti fi òwú aláǹtakùn àti èèpo obì ṣe egunrín fàdákà tí ojú lásán kò lè rí. Kí ni kò jẹ́ kí ìjọba kọ́ yàrá ìwádìí sí Ṣakí, níbi tí àwọn ọmọ wa yóò ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ òkúta yìí wò, tí a sì ń yọ́ ọ mọ́?

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwú títà kọ́ ló sọ Ìsẹ́yìn di olókìkí. Aṣọ híhun ni.