Ẹ jẹ́ ká ṣírò "two sure" yìí kí owó àjọ wa tó tán síbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Jos àti Bukuru, ọ̀rọ̀ yìí máa le díẹ̀, ẹ má bínú sí wa. Ojú ewé yìí, ìkéde ìpàdé, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú la dá a sílẹ̀ fún. Ní báyìí, àwọn kan ti sọ ọ́ di ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nọ́ńbà lọ́tò. "Two sure wà nílẹ̀ fún alẹ́ òní, ẹ wá sí inbox." A ti dákẹ́ tó. Lóṣù tó kọjá la dáwó jọ kí ọmọ ẹnì kan láàárín wa tó lè jókòó ṣe WAEC, torí owó tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ fún un ti wọ kíósìkì. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Bọ́ọ̀lù 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, 5 ni wọ́n ń yọ. Ọ̀nà mélòó lèèyàn lè gbà mú méjì nínú 90? Ẹ sọ 90 di ìlọ́po 89, kí ẹ pín in sí méjì: 4,005. Nínú nọ́ńbà 5 tó jáde, méjì-méjì tó wà níbẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ pín 4,005 sí 10, ó lé díẹ̀ ní 400. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá ta á ní ìgbà 400, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó já fún yín.

Èló ni wọ́n wá ń san? 240 náírà lórí náírà kan. Ọjà tí ẹ rà ní 400 tí ẹ tà ní 240, ṣé òwò nìyẹn? Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Terminus tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní kógbá sílé? Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, bíi ₦60 ló ń padà bọ̀, ₦40 ti lọ.

Wọ́n á ní, "Àwa ò kì í ta méjì péré, perm la máa ń ta." Ó dáa. Tí ẹ bá perm nọ́ńbà 5 ní méjì-méjì, ìlà 10 ni, owó ìlà 10 lẹ sì máa san. Ọ̀nà tó fi lè já pọ̀ sí i, owó tí ẹ san náà pọ̀ sí i. ₦40 tó ń lọ nínú ₦100 ò kúrò níbi tó wà.

Àwọn míì á gbé bébà jáde: "Nọ́ńbà yìí ti pẹ́ tó ti jáde, ó ti tó àsìkò." Bọ́ọ̀lù ò ní ọpọlọ o. Kò mọ̀ pé òun ò jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí wọ́n bá yọ bọ́ọ̀lù ní ìgbà 40, nínú nọ́ńbà 90, bíi mẹ́sàn-án ló yẹ kó wà tí ò tíì jáde rárá. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí ẹ̀yin tí ẹ ń ta nọ́ńbà gan-an. Ẹni tó bá mọ two sure lóòótọ́, tó fi ₦10,000 lé e, ₦2,400,000 ló máa gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ló wá fẹ́ fi ₦2,000 wa ṣe? A mọ ọgbọ́n yín. Ẹ ó fi oríṣiríṣi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí irínwó èèyàn, ó máa já fún ẹnì kan, ẹ ó sì ní kó wá jẹ́rìí. Àwọn tó kù ńkọ́? Ojú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì sọ fún wa pé òwò náà, tẹ́tẹ́ ni. Ẹni tó ń kó Irish lọ sí Ìbàdàn mọ ìgbà tó pọ̀ àti ìgbà tó wọ́n. Tó bá pàdánù lónìí, ó kọ́ ọgbọ́n tó máa lò lọ́la. Ẹni tó ti ta lọ́tò fún ogún ọdún, kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ò mọ̀?

₦500 lójúmọ́ jẹ́ ₦15,000 lóṣù. Ẹ dá a fún alájọ, yóò mú ₦500 tiẹ̀, ₦14,500 á dé ọwọ́ yín. Ẹ gbé e lọ sí kíósìkì, ₦9,000 ló yẹ kẹ́ ẹ máa retí, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní mú ìyẹn náà délé, ẹ ó tún fi ta á ni.

Ẹ̀yin admin, ohun tá à ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa pa gbogbo nọ́ńbà lọ́tò rẹ́ lójú ewé yìí, ọmọ ẹni tó wù kó gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta, owó rẹ̀ ni, kó má ṣáà fi ilé wa ṣe ìsọ̀. Ẹni tí ìṣirò tiẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí tiwa, kó gbé e síbí, ká jọ kà á.